Sítọ́ọ̀ èbúté tó kẹ̀yìn sí ọ̀sà: àkọsílẹ̀ àtúnṣe àti ìtàn tó wà lára ògiri

Etí ọ̀sà Lẹ́kì ni ilé yìí wà, lápá omi Ìjẹ̀bú, láàárín Ìwòpin sí Mákùn-Omi. Sítọ́ọ̀ ọjà ni nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gbé ẹrù láti ibẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀jìnrìn àti Èkó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn dojú kọ omi, ṣùgbọ́n apá títì ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé lónìí.

Ohun tó gbé iṣẹ́ wá ni pé ògiri yàrá ìwọ̀-oòrùn ń bó. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ń ṣí ní abala abala, ìyẹ̀fun funfun ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ojú bíríkì sì ń tẹ̀ lé símẹ́ǹtì náà já bọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé omi ọ̀sà ló ń gun ògiri, kí a fi símẹ́ǹtì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dí i. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì ṣáájú, ìpele símẹ́ǹtì méjèèjì ṣì wà lára ògiri, ọ̀kan lórí èkejì. A pinnu pé a kò ní pò nǹkan kan títí a ó fi mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà àti ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ti wá.

Ìpele 1: Wíwọ̀n (ọjọ́ 2)

Irinṣẹ́: téèpù, okùn olójé, àkàbà, tọ́ọ̀ṣì, ìwé onílà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wáyé níbí. Mítà ni a fi wọn ilé, nọ́ńbà tó ń jáde kò sì nítumọ̀: 12.19, 7.62, 6.10, 3.05. Ìgbà tí a yí téèpù sí ojú ẹsẹ̀ bàtà ni gbogbo rẹ̀ tò. Apá tí wọ́n fi bíríkì kọ́ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ó fẹ̀ ní 25, wọ́n pín in sí yàrá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20, ògiri sì ga ní 10. Bíríkì jẹ́ íǹṣì 9 sí 4½ sí 3. Ògiri nípọn ní íǹṣì 14, ìyẹn bíríkì kan àtààbọ̀ pẹ̀lú àpòpọ̀ àárín wọn. Ẹni tó bá ń wọn ilé irú èyí, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì wọ̀n ọ́n, nítorí òun ni ẹni tó kọ́ ọ fi ronú.

Yàrá kẹta, ti ìlà-oòrùn, kò bá èyí mu. Ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19 àti íǹṣì 5 lápá omi, 20 àti íǹṣì 2 lápá títì. Ògiri rẹ̀ nípọn ní íǹṣì 18 nísàlẹ̀, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń gòkè. Símẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀, nítorí náà bíríkì ni a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé. Nígbà tí a fi òòlù kékeré kàn án, kò dún bíi bíríkì. Ó dún bùù. Amọ̀ ni.

Ìpele 2: Èwo ló ṣáájú? (ọjọ́ 6)

A rò pé bíríkì ni ilé àkọ́kọ́, pé ẹnì kan tí owó rẹ̀ kò tó bíríkì ló wá fi amọ̀ kún un lẹ́yìn náà. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Ibi tí ògiri méjèèjì ti pàdé ló tú wa fó.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é nìyí. A fi ṣísẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí símẹ́ǹtì ní ìwọ̀n 30 cm sí 30 cm lórí ojú ìpàdé náà, ní gíga tí ojú ènìyàn lè rí dáadáa. Ìlà kan gba àárín ògiri méjèèjì lọ tààrà láti òkè dé ilẹ̀. Bíríkì kankan kò wọ inú amọ̀, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ kankan kò yọ sáàárín bíríkì. Èyí ń sọ pé ìgbà méjì ni wọ́n kọ́ wọn, kò tíì sọ èyí tó ṣáájú. A wá yọ bíríkì méjì péré, a fi abẹ gígùn gé àpòpọ̀ àárín wọn kí a tó fà wọ́n jáde, a sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Ojú amọ̀ tó wà lẹ́yìn bíríkì dán, ó funfun. Wọ́n ti kùn ún lẹ́fun. Nígbà tí a fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo etí ibi tó ti ṣẹ́, ìpele ẹfun mẹ́rin ló wà lórí ara wọn, pẹ̀lú ìlà èérí dúdú tín-ín-rín láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú amọ̀ kan náà, níbi tí bíríkì kò bò, ìpele mọ́kànlá ló wà.

Kò sí ẹni tí yóò kun ògiri lẹ́fun ní ibi tí bíríkì ti dí. Nítorí náà, ilé amọ̀ ti dá dúró, òjò ti pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ẹnikẹ́ni tó to bíríkì tì í. Ẹ má ṣe sọ ìpele ẹfun di iye ọdún o. Àwọn kan ń kun ilé lọ́dọọdún, àwọn mìíràn ń dúró de ọdún iléyá tàbí ìsìnkú àgbà. Ìpele ń sọ èyí tó ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ìpìlẹ̀ jẹ́rìí sí i. Kòtò kan tí a gbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ilé (ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ògiri má baà yẹ̀) fi hàn pé yangí ni wọ́n to sábẹ́ amọ̀, láìsí àpòpọ̀ kankan láàárín rẹ̀. Lábẹ́ bíríkì, yangí náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi àpòpọ̀ láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pò, kì í ṣe ọsàn) dì í, bíríkì sì fẹ̀ síta ní íǹṣì 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Láti mọ̀ bóyá láìmù ni àpòpọ̀ kan tàbí símẹ́ǹtì, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n wò ó bóyá yóò hó. Àyẹ̀wò yìí nìkan kò tó. Símẹ́ǹtì tó ti pẹ́ a máa hó díẹ̀, ìkarahun tó bá wà nínú yanrìn náà a máa hó. Ẹ fi ìṣó ha á. Láìmù yóò di ìyẹ̀fun, ìṣó yóò kàn máa yọ̀ lójú símẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó funfun kéékèèké tó tóbi tó ẹ̀wà, tí èékánná lè fọ́, láìmù tí kò pò dáadáa nìyẹn, kò sì sí i nínú símẹ́ǹtì. Àpòpọ̀ ilé yìí kún fún irú kókó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú èérún ìkarahun.

Ní orí ilé, ìṣó oríṣi méjì ni a bá. Èyí tó wà nínú igi tó jókòó lórí ògiri ní igun mẹ́rin, ó sì ń tín-ín-rín láti orí dé ìdí: ìṣó tí wọ́n gé láti ara irin pẹlẹbẹ. Èyí tó wà nínú igi tó ru páànù rí roboto bí tòní, ìṣó wáyà, tó gba ọjà ní òpin ọ̀rúndún 19. Ìyẹn ni pé wọ́n ti tún òrùlé ṣe rí nígbà tí igi ìsàlẹ̀ ṣì wà ní ipò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra ṣá o: wọ́n máa ń tún ìṣó àtijọ́ lò. Ẹ ka púpọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ogójì ni a kà.

Páànù náà yẹ fún ọ̀rọ̀ kan. Ilé èbúté ló bí páànù onígbì-onígbì. Ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ èbúté ìlú Lọ́ńdọ̀n, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, sítọ́ọ̀ èbúté ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi bò. Ní 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé àṣẹ lórí fífi síńkì bo irin kó má baà dípẹtà. Ọgbọ́n méjèèjì yìí ló mú kí ewé àti ìko kúrò lórí àwọn sítọ́ọ̀ wa. Páànù tó dàgbà jù lórí ilé yìí nípọn ní 0.63 mm, ìgbì rẹ̀ jìnnà síra ní íǹṣì 3. Èyí tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà jẹ́ 0.4 mm.

Ìpele 3: Ẹnu ọ̀nà, ojú ilé tó yí padà

Lápá omi, ẹnu ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7, wọ́n sì fi bíríkì tẹ orí wọn bí ọrun. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí méjèèjì. Igi ìrókò tó wà ní ẹsẹ̀ ẹnu ọ̀nà yàrá àárín ti jẹ wọnú ní ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn ní íǹṣì kan, wọ́n jìnnà síra ní íǹṣì 22, ó sì dán bí àwo. Àgbá epo ni wọ́n ń yí gba ibẹ̀. Ilẹ̀ yàrá náà rọra tẹ̀ sápá omi, íǹṣì 4 nínú ẹsẹ̀ bàtà 20, kí epo tó bá dà lè ṣàn jáde, kí àgbá sì fúnra rẹ̀ máa yí lọ bá ọkọ̀.

Lápá títì, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 péré, ọ̀nà ènìyàn, kì í ṣe ọ̀nà ẹrù. Wọ́n wá fọ́ ọ sí 9, wọ́n da kọnkéré sókè rẹ̀, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù íǹṣì 18 sí 9 sí 6 kọ́ àfikún kan síwájú rẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ibẹ̀ ni ilé yìí kẹ̀yìn sí omi.

Ìtàn Ìjẹ̀bú ló wà nínú ẹnu ọ̀nà wọ̀nyẹn. Kí ogun Ìmàgbọn tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1892, Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ wọn kọjá. Epo àti èkùrọ́ ń ti òkè bọ̀, iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń ti Èkó gòkè, ọwọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú ni gbogbo rẹ̀ ti ń pàrọ̀, ní àwọn ọjà etí ọ̀sà bíi Ẹ̀jìnrìn. Ọjọ́ 20 oṣù náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn náà ni ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, kò gba Ìjẹ̀bú kọjá. Ọ̀sà ṣì ṣe ọ̀nà wa fún ìgbà pípẹ́, kí ọ̀nà ọ̀dà tó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti búlọ́ọ̀kù, ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, símẹ́ǹtì sì wá sún mọ́ ilé. Àfikún apá títì bá irú ìgbà bẹ́ẹ̀ mu.

A kò wó àfikún náà. Ìtàn ilé ni òun náà.

Ìpele 4: Iyọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀sà (ọjọ́ 4)

Ìpele tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ẹ má fò ó.

A fi ẹ̀rọ ìlu-ihò lu ògiri ìwọ̀-oòrùn ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 1, 3, 5 àti 7, nínú ilé àti lóde. Ní ihò kọ̀ọ̀kan, a gba ìyẹ̀fun bíríkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti 0 sí 10 mm, ti 10 sí 30, ti 30 sí 60. Ṣíbí ìmu-tíì kan nínú ife omi kan, ẹ rò ó pọ̀, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ da omi orí rẹ̀ sínú gíláàsì tó mọ́, kí ẹ kán kẹ́míkà silver nitrate ẹ̀kán mẹ́ta sí i. Bí iyọ̀ bá wà, omi yóò funfun. Bó bá pọ̀, yóò dà bí omi ògì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, silver nitrate a máa sọ awọ ara di dúdú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo gíláàsì ló funfun, títí kan èyí tí a kò fi nǹkan kan sí. Omi píọ̀ wọ́tà ni a lò, iyọ̀ tirẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. A dà gbogbo rẹ̀ nù, a ra omi bátìrì (èyí tí kò ní áásìdì, ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa), a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi gíláàsì kan sílẹ̀ lófìfo pẹ̀lú omi nìkan ní gbogbo ìgbà.

Àbájáde rẹ̀: nínú ilé, láti ẹsẹ̀ bàtà 1 dé 5, omi dì bí ògì, pàápàá láti 0 sí 30 mm. Ní ẹsẹ̀ bàtà 7, kò sí nǹkan kan. Lóde, níbi tí ìjì ọ̀sà ń gbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ kàn ṣe bí èéfín díẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀sà ló ń gun ògiri ni, ìta ni ìbá kọ́kọ́ jẹ, yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìbá sì kàn. Ọ̀sà Lẹ́kì kì í ṣe omi iyọ̀. Odò Ọ̀ṣun àti odò Ọni ló ń dà sínú rẹ̀, ó sì jìnnà sí ẹnu òkun. Iyọ̀ ìdí ògiri yìí ti inú àpò wá. Yàrá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n to àpò iyọ̀ sí, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Lásìkò òjò, iyọ̀ a fa ọ̀rinrin mọ́ra, a yọ́, bíríkì a mu ún. Láti ìgbà náà, bí afẹ́fẹ́ bá tutù ó ń yọ́, bó bá gbẹ ó ń dì, bó ṣe ń dì ló ń ti ojú bíríkì jáde. Símẹ́ǹtì líle kò jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde sójú, ó wá ń dì lẹ́yìn símẹ́ǹtì, ó sì ń ṣí i tòun ti bíríkì.

Ẹni tó bá ní irú ilé yìí ní Ìkòròdú tàbí níbi tó sún mọ́ Èkó, kí ó má mú àbájáde wa lò. Ọ̀sà ti ọ̀hún ń gba omi òkun lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dán tiyín wò.

Ìpele 5: Ṣíṣí símẹ́ǹtì kúrò (ọjọ́ 9)

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kílò 2 àti ṣísẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ojú bíríkì 41 ti bá símẹ́ǹtì wá sílẹ̀. A dá iṣẹ́ dúró.

Ohun tó ṣiṣẹ́: símẹ́ǹtì nípọn ní 20 mm. A fi ẹ̀rọ gíráńdà gé e sí onígun mẹ́rin 10 cm sí 10 cm, ìjìnlẹ̀ 15 mm, kí abẹ rẹ̀ má fi kan bíríkì láé. Lẹ́yìn náà, ṣísẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, tó fẹ̀ ní íǹṣì 2, ni kí ẹ tì bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn mọ́ ògiri, pẹ̀lú òòlù kílò 1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ kí ẹ máa bọ̀ wá síbi tó lẹ̀ mọ́ra. Bíríkì mẹ́fà péré ló bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, nínú gbogbo ògiri tó kù. Abẹ 22 ló lọ sí i. Eruku rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró: ìbòmú gidi, kì í ṣe aṣọ.

Bíríkì 47 tó bàjẹ́ náà, a kò ra tuntun. A gé àpòpọ̀ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, a fà á jáde, a yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì dára bí ọjọ́ tí wọ́n sun ún. Méjìlá péré ni kò ṣeé yí, a sì gba ìyẹn láti ara bíríkì tí wọ́n yọ nígbà tí wọ́n fọ́ ẹnu ọ̀nà títì, tó wà ní òkìtì lẹ́yìnkùlé.

Lábẹ́ símẹ́ǹtì yìí kan náà ni a ti rí ihò afẹ́fẹ́ 26, íǹṣì 3 sí 4½, tí wọ́n dá nípa yíyọ bíríkì kan sílẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sókè. Wọ́n ti dí gbogbo rẹ̀ pa. A ṣí i.

Ìpele 6: Fífa iyọ̀ jáde (ọ̀sẹ̀ 9)

Ẹ má fi omi fọ ògiri oníyọ̀. Omi yóò yọ́ èyí tó wà lójú, yóò sì gbé e wọnú. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ láti gba ohun tó bá gbọ̀n, kí ẹ sì gbé e kúrò nínú ilé pátápátá.

Lẹ́yìn èyí, a lẹ ẹ̀kọ amọ̀ mọ́ ògiri kó máa fa iyọ̀ mu. Ìwọ̀n rẹ̀: bébà ìwé ìròyìn tí a rẹ sómi fún ọjọ́ 3 tí a sì gún, ọ̀kan, ẹfun ọjà, ọ̀kan, yanrìn tí a fọ̀ mọ́, mẹ́rin. Ẹ pò ó títí yóò fi rí bí ẹ̀bà rírọ̀.

Èyí tí a kọ́kọ́ lẹ̀ kò ju 10 mm lọ, inú ọyẹ́ sì ni. Ó gbẹ ní ọjọ́ 2, ó sán, ó já bọ́, kò fa nǹkan kan. Ìgbà kejì, a wọ́n omi sí ògiri ní ìrọ̀lẹ́, a lẹ̀ ẹ́ ní 20 sí 25 mm, a fi àpò ọ̀dùnkún tútù bò ó fún ọjọ́ 7, a wá ṣí i kó fi ọ̀sẹ̀ 3 gbẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a ṣí i kúrò, ojú tó kọ sí afẹ́fẹ́ ń dán fún iyọ̀, ó korò lẹ́nu. A dà á nù jìnnà sí ilé, a sì lẹ tuntun. Tuntun náà mú díẹ̀ péré wá. Omi àyẹ̀wò rẹ̀ kàn ṣe bí èéfín. A dúró níbẹ̀. Ògiri tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 27, kì í ṣe ilé náà látòkè délẹ̀.

Ìpele 7: Láìmù

Àpò 12 tí a kọ́kọ́ rà, tí wọ́n tà fún wa ní láìmù, kì í ṣe láìmù. Ẹfun lílọ̀ lásán ni, ó wúlò fún ọ̀dà. A fi rẹ́ ibì kan fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 ìka ọwọ́ ṣì ń gbá a kúrò.

Àyẹ̀wò tó yẹ kí a ti ṣe lọ́jà kò náni ju ìkúnwọ́ ìsápá lọ. Ẹ se ìsápá pupa bí ẹni ń se sóbò láìfi ṣúgà sí i, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ bu ìyẹ̀fun náà sínú omi díẹ̀, kí ẹ kán omi ìsápá sí i. Láìmù gidi yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀, tí yóò máa lọ sí àwọ̀ ìyeyè. Ẹfun lásán kò lè gbé e débẹ̀, àwọ̀ aró tó ṣú ló máa ń dúró sí. Láti ọjọ́ náà, àpò kọ̀ọ̀kan tó dé ni a kán ìsápá fún kí ó tó sọ̀kalẹ̀.

A rẹ láìmù gidi sínú dúrọ́ọ̀mù, omi borí rẹ̀ ní íǹṣì 2, a fi ọ̀rá dé e fún ọjọ́ 21. Ó nípọn bí òrí. Ó ń jó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú: ìbọ̀wọ́ àti awò ní gbogbo ìgbà, omi mímọ́ púpọ̀ nítòsí.

Yanrìn: ẹ kún ìgò dé ìdajì, ẹ fi omi kún un, ẹ mì í, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ tó bá jókòó lórí yanrìn kò gbọdọ̀ ju ìka kan lọ nínú ìka mẹ́wàá. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì, a sì fọ gbogbo rẹ̀.

Ìpele 8: Dídí àárín bíríkì àti rírẹ́

Láìmù 1, yanrìn 3, ìyẹ̀fun bíríkì ìdajì. Àfọ́kù bíríkì tí kò jinná dáadáa ni a gún tí a sì jọ̀ bí èlùbọ́. Òun ló ń jẹ́ kí láìmù dì nínú ibi tó ní ọ̀rinrin, nítorí láìmù lásán nílò afẹ́fẹ́, ó sì máa ń pẹ́.

Ẹ gé àpòpọ̀ tó ti jẹrà wọnú tó 25 mm, ẹ gbọn eruku rẹ̀, ẹ wọ́n omi, ẹ kì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Rírẹ́ jẹ́ ìpele méjì, 10 mm ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 10 láàárín wọn. Kí àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 7. Ibi tí a gbàgbé láti bò ní ọ̀sán Sátidé kan sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. A yọ ọ́, a tún un rẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní oṣù Karùn-ún sí Keje, òjò yóò fọ̀ ọ́.

Yàrá àárín, níbi tí wọ́n to àgbá epo sí, kò gbà á. Epo ti wọ bíríkì dé íǹṣì 3 sókè ilẹ̀ àti ju bẹ́ẹ̀ lọ ní igun, ohun tí a rẹ́ síbẹ̀ ń já bọ́ ní odidi. A gbìyànjú ẹ̀kọ amọ̀ ìpele 6, ó fa díẹ̀, bíríkì sì tún pọ́n padà nígbà tí oòrùn ràn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, a fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìrẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án yóò gbóòórùn epo títí dòní.

Ògiri amọ̀ ti ìlà-oòrùn: amọ̀ nìkan ni a fi tún un ṣe, láti inú kòtò kan náà tí ó wà lẹ́yìn abúlé, pẹ̀lú koríko gígé. Símẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ kàn án.

Ìpele 9: Igi àti páànù

Orí igi ìrókò méjì tó wọ ògiri apá omi ti jẹrà tó 40 cm. A gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, a fi ìrókò tuntun so ó pẹ̀lú bóòtù tí síńkì bò, a sì fi àyè ìka kan sílẹ̀ yí orí igi ká nínú ògiri kí afẹ́fẹ́ lè dé ibẹ̀. Òpó ọpẹpẹ tó wà nínú omi níwájú ilé ṣì le koko, a kò fọwọ́ kàn án.

Páànù 14 ni a pààrọ̀, 0.5 mm, onísíńkì. Wọ́n fi páànù alumíníọ̀mù lọ̀ wá nítorí pé ó fúyẹ́. A kò gbà, nítorí pé bí alumíníọ̀mù bá fara kan irin tó ti dípẹtà nínú ọ̀rinrin, òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ, omi láìmù tútù sì tún ń jẹ ẹ́.

Owó

Láìmù àpò 46 ní ₦8,500: ₦391,000. Àpò 12 tó ṣòfò: ₦36,000. Yanrìn típà 3: ₦210,000. Abẹ gíráńdà: ₦39,600. Ẹfun àti bébà: ₦66,000. Silver nitrate àti omi bátìrì: ₦30,000. Bíríkìlà 2 fún ọjọ́ 38 ní ₦12,000: ₦912,000. Alágbàṣe 3 fún ọjọ́ 38 ní ₦7,000: ₦798,000. Káfíńtà ọjọ́ 11: ₦165,000. Ìrókò: ₦96,000. Páànù: ₦203,000. Àpapọ̀: ₦2,946,600. Símẹ́ǹtì: kò sí àpò kankan.

Lẹ́yìn òjò kan

Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, a tún lu ihò ní ibi mẹ́rin kan náà. Omi àyẹ̀wò mọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 àti 7, ó ṣe èéfín ní 3 àti 5. Ìyẹ̀fun funfun yọ ní ojú ibì méjì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lójú láìmù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn: láìmù ń jẹ́ kó jáde, ìgbálẹ̀ gbígbẹ sì ń gbá a lọ. Bí láìmù náà bá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òun ni a ó pààrọ̀, bíríkì yóò wà.

A fi ojú ihò 30 cm ìpele 2 sílẹ̀ ní ṣíṣí, pẹ̀lú férémù igi yí i ká. Bíríkì wà lápá òsì, amọ̀ wà lápá ọ̀tún, ìpele ẹfun mẹ́rin sì wà láàárín wọn.